Ilé Onítáyà Tí Bàbá Rà sí Àgbàlá Ọkọ Mi

Mundare, Alberta, Kánádà
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, 1983

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìdánìkanwà. Ṣé ara yín le? Ṣé eékún yín ti gbà fún yín? Ṣé Berend ọ̀rẹ́ yín ṣì ń wá bá yín ta káàdì nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tó sì ṣì ń jẹ yín láyò?

Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀, àmọ́ ó tóbi. Ẹ jókòó ná. Mo lóyún! Dókítà ní ìparí oṣù Kẹfà ni màá bí.

Bàbá, ọdún mẹ́fà ni mo ti kúrò ní Họ́lándì, ẹsẹ̀ yín ò tíì tẹ ilé mi. Nígbà tí mò ń ṣègbéyàwó, ẹ ní màlúù fẹ́ bímọ. Nígbà tí a kọ́lé, ẹ ní ẹ̀ ń kórè ọ̀dùnkún. Ní báyìí, ẹ ti ta màlúù, ẹ ti fi oko sílẹ̀, Màmá sì ti lọ láti èṣín, kò sí ẹni tí ẹ tún fẹ́ fi ṣe àwáwí. Orest ọkọ mi ti tún yàrá òkè ṣe fún yín. Ìyá rẹ̀, tó ń gbé ní òdìkejì títì, ti ń rán ìrọ̀rí. Ẹ mọ àwọn ará Ukraine yìí, bí wọ́n bá ní ẹ wá, wọn ò fi ẹnu lásán sọ ọ́.

Ẹ wá, Bàbá. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi mọ bàbá ìyá rẹ̀ nínú fọ́tò nìkan. Ẹ má sì kọ̀wé sí mi pé "a ó rí i." Mo mọ "a ó rí i" tiyín. "Rárá" tó wọ ẹ̀wù òtútù ni.

Èmi ọmọ yín tó ń retí yín,
Jantien

&nbsp;

Rolde, Họ́lándì
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹta

Jantien ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ẹ kú oríire, ìwọ àti Orest. Mo kà á, mo tún un kà, mo wá mú un lọ fún Berend kí òun náà kà á. Ní ti ayò, èmi ni mò ń fi í sílẹ̀ fún Berend, kó lè máa padà wá. Má sọ fún un.

Òjò ń rọ̀ níbí. Eékún mi wà bó ṣe wà. Ajá àbúrò mi Grietje bí ọmọ.

Ní ti wíwá, a ó rí i.

Ìròyìn mìíràn: mo ti ra kárafáànù, ilé onítáyà tí mọ́tò máa ń fà kiri yẹn. Tuntun ni, kò sí ẹni tó tíì mí sínú rẹ̀. Ó ní ibùsùn, sítóòfù, fíríìjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀. Àwọ̀ wàrà ni, wọ́n wá fa ìlà búráùn kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú ìwé àwòrán ni mo ti yàn án, Berend náà sì ní mo mọ nǹkan rà. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n ní yóò ṣetán. Àlàyé tó kù ń bọ̀ lẹ́yìn. Bébà yìí ti kún, bí mo bá fi òmíràn kún un, lẹ́tà á wúwo, wọ́n á ní kí n lẹ sítáǹpù kejì.

Bàbá rẹ

&nbsp;

Mundare
Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin

Bàbá,

Ẹ kú ọjà tuntun o! Ẹ ó lò ó pẹ́. Ẹ ó fi ṣe ohun rere.

Mo ní mo lóyún, ẹ ní ẹ ra fíríìjì tó ní táyà. Háà! Bàbá! Ìbéèrè wo ni mo bi yín, èsì wo lẹ fún mi? Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi àwọn ará Rolde rẹ́rìn-ín? Tí ẹ̀rùn bá ti dé, wọ́n á di ọ̀dùnkún kún kárafáànù, wọ́n á wọ́ ọ lọ sí Faransé, kí wọ́n má baà ra ọjà kóbọ̀ kan lọ́wọ́ ará Faransé. Ẹ ní orí wọn ò pé. Ẹ̀yin náà ti wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Mo ti ń rí yín báyìí, ẹ̀yin àti Berend lábẹ́ agboòrùn, ẹ̀ ń ta káàdì, ọmọ mi ń ké níbí, kò mọ̀ pé òun ní bàbá àgbà. Owó tí ẹ̀ bá fi wọ ọkọ̀ òfuurufú ti di kárafáànù.

Orest bi mí pé kí lẹ sọ. Mo ní ẹ kí i. Irọ́ ni mo pa, ojú sì tì mí. Inú ń bí mi, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má retí lẹ́tà mìíràn lọ́wọ́ mi títí ẹ ó fi dá mi lóhùn bí ẹni tó bí mi.

Jantien

Ìyá Orest ní kí n kí yín. Ó ti rán ìrọ̀rí tán.

&nbsp;

Rolde
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin

Jantien ọmọ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ra bébà. Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé ni kárafáànù.

Edmonton ló wà, lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn. Àbúrò Berend tó ń gbé níbẹ̀ ló fi ìwé àwòrán ránṣẹ́ sí wa. Mo ti sanwó fún ọkùnrin tó ń tà á, Lyle Swenson lorúkọ rẹ̀. Ìwọ ni wàá lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí Orest fà á wálé, kí ẹ gbé e sí àgbàlá yín, kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí títì, kó má kọjú sí kíṣìnì rẹ. Èmi ni màá máa sùn nínú rẹ̀. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà ni màá dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni màá sì lò.

Ìwọ náà mọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa: àlejò àti ẹja, tó bá ti di ọjọ́ mẹ́ta, rírùn ló kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wá ńkọ́? Mi ò ní jẹ́ àlejò rárá. Aládùúgbò ni màá jẹ́. Màá máa se ọ̀dùnkún mi fúnra mi, bí ẹ bá sì pè mí wá mu kọfí lágogo mẹ́wàá, màá wá, màá mu ún, màá lọ.

Nígbà tí o bá lọ gbà á, má bọwọ́ lùwé tètè o. Àwọn ọlọ́jà máa ń rẹ́rìn-ín. Bọ́ bàtà rẹ, fi ìbọ̀sẹ̀ rìn yíká gbogbo inú rẹ̀, ẹsẹ̀ á sọ ibi tí pákó ti rọ̀ fún ẹ. Jókòó sínú, kí wọ́n máa fi rọ́bà da omi sórí òrùlé, kí ìwọ máa wo igun fèrèsé. Fa gbogbo dúrọ́ọ̀ jáde, tì í padà. Dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn. Tan sítóòfù, se kọfí lórí rẹ̀, kí Lyle jókòó mu ún. Ó máa ń ṣòro fún ẹni tó ń mu kọfí ẹni láti wo ojú ẹni parọ́.

Kí Ọlọ́run pa ìwọ àti oyún inú rẹ mọ́.
Bàbá rẹ

&nbsp;

Rolde
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin

Jantien,

Lẹ́tà oníná rẹ dé lónìí. Berend ní òun ò mọ̀ pé òun ń lọ sí Faransé, kí n bi ọ́ ọjọ́ tí a máa gbéra. A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó lọ, mo tún un kà, mo dé ibi tí o ti ní ojú tì ẹ́ níwájú ọkọ rẹ, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu mi. Ó yẹ kí n lẹ sítáǹpù kejì yẹn. Má bínú.

Bàbá rẹ

&nbsp;

Mundare
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin

Bàbá mi, Bàbá mi dáadáa,

Lẹ́tà yín tí ẹ fi ṣàlàyé dé. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi lẹ́tà tí mo kọ ṣáájú dáná.

Ṣùgbọ́n wàhálà wà. Mo sáré lọ kà á fún Orest níbi tó ti ń jẹun, mo rò pé á fò sókè. Ó rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Tún ibẹ̀ yẹn kà."

Mo tún un kà.

Ó ní, "Àna mi á fo òkun kọjá wá, á wá máa sùn sí àgbàlá mi bí ajá? Kí ni mo ṣe? Gbogbo Mundare á ní Orest Wolanski ti bàbá ìyàwó ẹ̀ mọ́ta."

Mo ní, "Orest, ọ̀wọ̀ ni. Bí àwa ṣe ń bọ̀wọ̀ fúnni nìyẹn. Kò fẹ́ ni wá lára."

"Ọ̀wọ̀ kẹ̀! Ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún mi á jẹun lórí tábìlì mi. Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò kì í lọ títí bẹ́líìtì ẹ̀ á fi kúrú!"

Ìyá rẹ̀ wọlé, Orest ṣàlàyé fún un ní èdè wọn. Màmá náà jókòó, ó di orí mú bí ẹni tí wọ́n sọ òkú fún. Mo gbọ́ ìwọ̀nba èdè náà láti mọ ohun tó sọ. Ó ní, "Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Bàbá, Orest ti búra. Ó ní òun ò ní fi mọ́tò òun fa ìtìjú wọ àgbàlá òun, bí ẹ ò bá lè sùn lábẹ́ òrùlé òun, kí ẹ dúró sábẹ́ tiyín. Ẹ sì mọ̀ pé èmi nìkan ò lè fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Lyle dá owó yín padà, ẹ wá sùn sí yàrá òkè. Ẹ ṣe é nítorí tèmi.

Jantien yín

&nbsp;

Rolde
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin

Jantien ọmọ mi,

Mo ti ronú sí i, mo ti rìn yíká oko Berend nítorí rẹ̀. Rárá ni. Bí kò bá sí ilé onítáyà, kò sí mi.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ, kí o má baà rò pé orí kunkun lásán ni. Lẹ́yìn ìsìnkú màmá rẹ, mo lọ gbé lọ́dọ̀ Grietje àbúrò mi ní Assen. Òun ló pè mí. O mọ Grietje, kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀. Ó fún mi ní yàrá tó dára, ó ń se ohun tí mo fẹ́ràn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo gbọ́ tó ń bi ọkọ rẹ̀ ní kíṣìnì pé, "Ṣé ó ti sọ ìgbà tó máa lọ?" Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mo padà sókè, mo di ẹrù mi, mo ní mo ní iṣẹ́ nílé. Kò sí iṣẹ́ kankan nílé. Òun náà mọ̀.

Mo lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu Grietje, kí n sì padà wálé wá jẹun. Bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu tìrẹ, mi ò mọ ibi tí màá gbé e gbà. Ẹ̀rù ló ń bà mí, Jantien. Mo fẹ́ rí ọmọ náà ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ka lẹ́tà yìí fún ọkọ rẹ, tàbí kí o má kà á. Wọ́n ní mo lè dá tíkẹ́ẹ̀tì padà títí di ìparí oṣù Karùn-ún.

Bàbá rẹ

&nbsp;

Rolde
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Karùn-ún

Jantien,

Mi ò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ rẹ. Berend ní bóyá sítáǹpù ló wọ́n lọ́dọ̀ yín náà. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí kí n lè dá a padà. Mo bá ilẹ̀kùn ní títì, inú mi sì dùn. Màá padà lọ ní ìparí oṣù bí o bá ṣì dákẹ́.

Bàbá rẹ

&nbsp;

Mundare
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Karùn-ún

Bàbá,

Ẹ MÁ DÁ TÍKẸ́Ẹ̀TÌ PADÀ! Mo kọ ọ́ gàdàgbà kí ẹ lè rí i láì lo awò.

Ẹ dárí jì mí pé mo dákẹ́. Mi ò fẹ́ ṣèlérí ohun tí mi ò tíì fojú rí nínú àgbàlá. Ó ti wà ńbẹ̀ báyìí, mo ń wò ó bí mo ṣe ń kọ̀wé.

Mo ka lẹ́tà yín fún Orest. Mo dé ibi ọ̀rọ̀ Grietje, ó dìde, ó jáde. Mo ní ó ti lọ bínú lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ gbà-gbà-gbà lẹ́yìn mọ́tò, mo yọjú. Ó ti wà nílẹ̀, ó ń de irin tí wọ́n fi ń so kárafáànù mọ́ mọ́tò. Mo ní, "Orest, ṣé kì í ṣe pé o búra?" Ó ní, "Gbé sípánà yẹn wá jàre, kí o yéé sọ̀rọ̀."

A dé ọ̀dọ̀ Lyle. Èèyàn gbọ̀ngbọ̀nràn, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó na bírò sí mi: "Ẹ bọwọ́ lù ú síbí, Màdáámù, ilé ti di tiyín." Mo bọ́ bàtà. Ó ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe?" Mo ní iṣẹ́ tí bàbá mi rán mi ni. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ rìn yíká, ilẹ̀ le dáadáa. Mo fa dúrọ́ọ̀, mo tì í. Mo dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, ó dára, àfi pé nígbà tí mo fẹ́ dìde, ikùn ò jẹ́. Lyle mú ọwọ́ kan, Orest mú ìkejì, wọ́n fà mí bí ẹni fa mọ́tò nínú ẹrẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n da omi sórí òrùlé. Lyle ní, "Màdáámù, tuntun ni o!" Mo ní kó da omi. Ó da omi. Bàbá, omi gba igun fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọlé, ó kán sí mi lọ́rùn! Lyle ní, "Díẹ̀ náà ni." Kí n tó lanu, Orest ti gbaná jẹ. Orest tí kò fẹ́ rí kárafáànù sójú! Ó ní, "Díẹ̀ kẹ̀? Àna mi ló máa sùn síbẹ̀ yẹn! Ṣé orí àna mi lẹ fẹ́ kí omi máa kán sí?" A ò bọwọ́ lùwé. A lọ sílé. Lyle tún igun náà ṣe, ó ránṣẹ́ pè wá, a tún da omi, mo tún jókòó síbẹ̀. Kò kán mọ́. Mo wá se kọfí bí ẹ ṣe wí. Lyle mu ún, ó ní irú èyí lè jí òkú, ó sì jẹ́wọ́ fún wa pé iná ẹ̀yìn kan kì í tàn dáadáa. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lójú wa. Ìgbà yẹn ni mo bọwọ́ lùwé.

Fífà á wálé ò nira. Fífi ẹ̀yìn wọ àgbàlá ni ìjà wà. Èmi dúró lẹ́yìn, mò ń juwọ́. Ìyá Orest sáré sọdá títì, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kejì, òun náà ń juwọ́ tiẹ̀. Orest yọrí síta: "Ta ni kí n tẹ̀ lé nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Àwa méjèèjì pa ẹnu pọ̀: "Èmi!" Ilé adìyẹ ló lọ kọlù. Adìyẹ kankan ò kú, àmọ́ wọn ò yé ẹyin mọ́ láti ọjọ́ náà, wọ́n ń bínú.

Kíṣìnì ni ẹnu ọ̀nà kọjú sí o, kò kọjú sí títì. Ibi tó dúró sí nìyẹn. Orest ní bí ẹ bá fẹ́ yí i padà, kí ẹ mú màlúù wá fà á. Ìyá Orest ní kí n sọ fún yín pé ẹ lè sùn níbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó ní ẹ lè jẹun níbẹ̀.

Ẹ máa bọ̀, Bàbá.
Jantien

&nbsp;

Láti inú ilé onítáyà, sí inú ilé
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà

Aládùúgbò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ń ti lẹ́tà yìí sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ nítorí bí mo bá wọlé wá sọ ọ́, wọ́n á fún mi lóúnjẹ.

Ìyá ọkọ rẹ kì í kanlẹ̀kùn. Mò ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí, mo kàn rí i lẹ́yìn mi nínú dígí. Ó gbé àwo ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi wé ọ̀dùnkún tí wọ́n sì bọ̀ kalẹ̀, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ń ṣàn lórí ẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Mi ò tíì fọ àwo tó fi gbé òmíràn dé. Ó ti ju ọ̀dùnkún tèmi sí àwọn ẹlẹ́dẹ̀, ó fọwọ́ ṣàlàyé pé èmi ò mọ̀ ọ́n sè. Kò gbọ́ èdè mi, èmi ò gbọ́ tiẹ̀, síbẹ̀ a ti jà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jẹ́ pé òun ló borí.

Ọkọ rẹ máa ń wá jókòó sí àtẹ̀gùn mi láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Kì í sọ̀rọ̀, èmi náà kì í sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ wí gan-an nìyí: ẹsẹ̀ rẹ ti wú. Jókòó. Bí ìrọbí bá dé, kan fèrèsé mi, mi ò ní bọ́ ṣòkòtò sùn.

Bàbá rẹ

&nbsp;

Láti inú ilé onítáyà, sí inú ilé
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje

Bàbá,

Mo ti jí. Aago mélòó ló lù?

Ẹ ní kí n wá fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lórí ibùsùn yín, mo sì sùn bí igi. Láti ìgbà tí mo ti bí Harmke, mi ò tíì sun irú rẹ̀ rí. Ọmọ yín yìí, ó gbé orúkọ Màmá, ó gbé ohùn Màmá náà. Orest gbé e, ó ké. Ìyá Orest gbé e, ó ké. Èmi tí mo bí i gbé e, ó ké. Orí àyà yín nìkan ló ti máa ń sùn.

Mo ń wò yín láti fèrèsé báyìí. Ẹ wà ní kíṣìnì mi, ọmọ wà láyà yín, ìyá Orest ń na ṣíbí sí yín, ẹ̀yin ń na ìka sí i, ẹ ò sì fẹ́ jí ọmọ, ẹ̀ ń jà láì gbóhùn sókè. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ẹ wò ó, Orest rán mi níṣẹ́ kan, ó ní ojú ń ti òun. Ó dúró níta níbí, ó ń ṣe bí ẹni tó ń yẹ táyà wò. Ó ní kí n bi yín: ṣé wọ́n lè sún tíkẹ́ẹ̀tì yín síwájú? Ó ní títí di ìgbà ìkórè. Mo ní, "Lẹ́yìn ìkórè ńkọ́?" Ó ní lẹ́yìn ìkórè, yìnyín á ti bọ́, ọ̀nà ò ní dára. Mo ní yìnyín kì í yọ́ títí di oṣù Kẹrin. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo ṣe yìnyín ni?"

Èmi náà ń bi yín, Bàbá. Ẹ má lọ.

Jantien

Ọyàn mi ti kún. Ṣé kí n máa bọ̀?

&nbsp;

Láti kíṣìnì

Jantien,

Ọwọ́ kan ni mo fi ń kọ ọ́, Harmke wà lápá kejì, má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Máa bọ̀ kíákíá, ebi ti ń pa á, ó ti ń wo àyà mi bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.

Mo ka ohun tí o kọ. Mi ò lè dá a lóhùn dáadáa, ìyá ọkọ rẹ ń wò mí, mi ò sì fẹ́ kó rí ojú mi.

Àpótí mi wà lábẹ́ ibùsùn yẹn. Má gbé e o, o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Sọ fún Orest kó fi táyà sílẹ̀, kó wá bá mi gbé e wá sí yàrá òkè.

Bàbá rẹ